Ìṣó Mẹ́rin Nínú Kọnkéré

Ẹ̀yìn Ọjà Olúwo,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Basírátù Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àti fún yàrá tuntun tí o gbà sí Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú. Ara mi le, orúnkún tó ń dùn mí ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹja sì ń wọ ọjà. Má jẹ́ kí àyà rẹ já nítorí ìwé gígùn yìí, kò sí ẹni tó kú. Mo mọ̀ pé o ó béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ní ìjẹ́wọ́ nínú, ojú sì ń tì mí. Ìwé kì í wo ènìyàn lójú. Yàtọ̀ sí èyí, mo fẹ́ kí o lè kà á lẹ́ẹ̀kejì kí Sátidé tó dé.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹja sórí ààrò, apá kan jóná. Ọmọ tí mo bí ni alábòójútó ilé alájà mẹ́ta létí èbúté Ìkòròdú, tí àwọn bíríkìlà tó lè bí i ń pè ní "Ọ̀gá Màdáàmù"! O ní Sátidé yìí lẹ ó da kọnkéré òpó mẹ́rìndínlógún tí gbogbo ilé náà yóò dúró lé. O wá rẹ́rìn-ín, o ní:

"Màmá, ọ̀gá wa ní ká má wulẹ̀ ra omi. Ọ̀sà wà níwájú wa, ẹ̀rọ la ó fi fà á. A ti ra oògùn wọ́tàpúrúùfù. Bó bá ti wà nínú kọnkéré, kò sí omi tó lè ba irin jẹ́ mọ́."

Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Mo pa fóònù. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ láti ìgbà náà.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá oògùn yẹn. Ṣé o rántí ìgò tí o mú wálé láti pólì, tí ìdajì ṣì kù nínú rẹ̀? O gbé búlọ́ọ̀kù kékeré kan tí ẹ fi oògùn náà pò ka orí tábìlì, o ro omi sí i lórí, omi náà sì ń yí gbirigbiri bí ìgbà tó bá bọ́ sórí ewé kókò. O ṣàlàyé fún mi pé kọnkéré tó le bí òkúta yẹn ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí, pé ibẹ̀ ni omi ń gbà lọ bá irin tó wà nínú, irin á dípẹtà, á wú, á sì la kọnkéré. O ní iṣẹ́ oògùn náà ni láti lé omi padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu yà mí. O padà sílé ìwé, o gbàgbé ìgò náà. Èmi ò gbàgbé.

O mọ̀ mí. Ẹni tó ti ń ta ẹja láti ìgbà tí a ò tíì bí ọ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ja mìíràn gbọ́ láìtẹ ikùn ẹja wò. Mo wá agolo mílíìkì mẹ́rin. Mo po sìmẹ́ńtì agolo kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta, mo pín in dọ́gba sí mẹ́rin. Mo fi omi kànga po àkọ́kọ́, láìfi oògùn sí i. Mo fi omi kànga po ìkejì, mo fi oògùn sí i. Omi oníyọ̀ ni mo fi po ẹ̀kẹta láìsí oògùn, omi oníyọ̀ náà ni mo fi po ẹ̀kẹrin, mo sì fi oògùn sí i. Mo ki ìṣó tuntun kọ̀ọ̀kan bọ àárín wọn, mo fi ìka tẹ ojú wọn láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀: ojú ìka kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n gan, mo bọ́ agolo kúrò lára wọn, mo kó wọn sínú abọ́ ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí òjò ti ń pọn omi sí i tí oòrùn sì ń gbẹ ẹ́. Òjò ọdún mẹ́ta pa wọ́n. Ìwọ gan-an ti jókòó ti abọ́ náà, o ti ń ya ẹ̀fọ́, o ò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe pa fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé ọmọ ọlọ, mo lọ fọ́ wọn.

Olójú ìka méjì, omi kànga pẹ̀lú oògùn: ìṣó ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á. Olójú ìka kan, omi kànga nìkan: ó ní àbàwọ́n díẹ̀ lórí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olójú ìka mẹ́ta, omi iyọ̀ láìsí oògùn, ti là kí n tó fọwọ́ kàn án, ìṣó rẹ̀ sì ti pupa bí epo. Ẹ̀kẹrin ni mo ń wá. Mo fọ́ ọ. Òde rẹ̀ gbẹ, ó mọ́, omi ṣì ń yí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣó inú rẹ̀ ti dípẹtà yíká.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wò ó. Lójú tèmi, oògùn náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa tìlẹ̀kùn, olè ti wà nínú yàrá. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ti kọnkéré oníyọ̀ yàtọ̀: ògiri ò lanu rárá, àwa la mọ aláǹgbá mọ́ inú rẹ̀.

O lè béèrè bí mo ṣe mọ ìwọ̀n iyọ̀ tí mo dà sí omi náà. Mo ń bu iyọ̀ sí i, mo ń tọ́ ọ wò, títí ó fi bá ti omi ọ̀sà Ìkòròdú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn dọ́gba. Bí ahọ́n mi ṣe mọ omi ọ̀sà Ìkòròdú, ìyẹn gan-an ni ìjẹ́wọ́ mi.

Ọdún méjì kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, mo lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Lásunwọ̀n, níbi tí ìwọ náà ń gbé báyìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, kò sí ọ́fíìsì tó ń dúró dè mí. Mo ń pọn omi fún àwọn tó ń kọ́lé. Àlájà kan ń kọ́ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì nítòsí èbúté, wọ́n sì gbé iṣẹ́ omi fún mi ní iye kan lórí dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, dúrọ́ọ̀mù méjìlá, fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó yọ síta. Nínú owó náà ni mo ti máa sanwó fún ìyá oníkànga tó wà lórí òkè.

Olórí bíríkìlà tó ń ṣe é ni Ọ̀gá Jímọ̀, ará Ọ̀ṣun tó yá yàrá ní Ìkòròdú, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè ni?"

"Ọmọge, ilé máa ń mu omi ju ènìyàn lọ," ó ní. "Kànga wo nìyí?"

"Ti ìyá orí òkè ni, sà."

"Ó dáa. Máa pọn ọ́n bọ̀. Mo gbà ọ́ gbọ́."

Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ni mo fi omi kànga kún. Oòrùn mú, èrò pọ̀ nídìí kànga, ọ̀sà sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò jìnnà, kò gbowó. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìrìn: owó omi kànga dúrọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án yóò ra ìkòkò irin ńlá tí mo ti ń wò lọ́jà. Àṣàkẹ́, ní tòótọ́, mi ò mọ̀ pé mo ń ṣe ibi nígbà tí mo kọ́kọ́ yà sí ọ̀sà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Omi ọ̀sà tiwa la fi ń sè, òun la fi ń fọṣọ, òun náà ni bàbá mi fi po sìmẹ́ńtì ilé tí a bí mi sí. Ilé náà ṣì dúró. Mo rò pé ọ̀sà ni ọ̀sà ń jẹ́. Mi ò mọ̀ pé ti Ìkòròdú súnmọ́ òkun, àti pé bí òjò bá ti dá, òkun á yọ́ wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí mo ń pọn ti dúrọ́ọ̀mù karùn-ún, òùngbẹ gbẹ mí. Mo bu omi orí mi mu. Iyọ̀! Mo tu ú dànù. Mo dúró lójú ọ̀nà. Ǹjẹ́ o fẹ́ mọ ohun tí mo sọ fún ara mi? Mo ní, "Iyọ̀ la fi ń tọ́jú ẹja kó má bàjẹ́. Ilé ló wá máa bà jẹ́?" Mo sì ń lọ. Nítorí náà, dúrọ́ọ̀mù kẹrin nìkan ni mo lè pè ní àìmọ̀. Láti ìkarùn-ún dé ìkejìlá, mo mọ̀, mo kàn wá irọ́ tó dùn pa fún ara mi ni. Ọ̀gá Jímọ̀ ò tọ́ òmíràn wò. Ó ti gbà mí gbọ́.

Ìkòkò náà ni a fi ń se ìrẹsì ọdún dòní olónìí. O ti jẹun nínú rẹ̀ títí o fi dàgbà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe ní Sátidé nìyí, bí ó ṣe wá sí mi lọ́kàn.

Èkíní, omi. Omi tí ènìyàn lè mu ni kí ẹ fi po kọnkéré. Mo ti ṣírò rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ. Mo ní kí awakọ̀ tó ń kó ẹja wa béèrè iye tí wọ́n ń ta omi táńkà ní Ìkòròdú. Táńkà méjì yóò tó láti pò ó àti láti máa wọ́n ọn. Iye méjèèjì kò tó owó irin òpó kan ṣoṣo nínú mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá kọ̀ láti ra omi nítorí pé ó ti ra oògùn, ó dà bí ẹni tó ra kọ́kọ́rọ́ tó dára jùlọ, tó wá fi owó ilẹ̀kùn pamọ́.

Èkejì, yanrìn. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni wọ́n gbé wá, béèrè ìgbà tí wọ́n fà á àti bóyá òjò ti fọ̀ ọ́. Bu díẹ̀ sínú ife omi mímọ́, rò ó, jẹ́ kó tòrò, kí o tọ́ omi orí rẹ̀ wò. Bó bá ní iyọ̀, kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n gbé e padà.

Nípa oògùn náà fúnra rẹ̀, fi sí i o! Èmi ni mo rí ìṣó tó ń dán. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí o lò fún àpò sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan, kí o fi ife wọ̀n ọ́n, kí o kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbé ìgò dojú dé bí ẹni ń da epo sí àsáró. Bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ lè máà jẹ́ kí kọnkéré le dáadáa. Má sì jẹ́ kí àwọn tó ń pò ó bu omi kún un nítorí pé ó wù wọ́n kó ṣàn. Omi tó bá pọ̀jù ló ń sọ ihò wẹ́wẹ́ di ihò ńlá nígbà tó bá gbẹ, oògùn á wá máa ṣiṣẹ́ asán.

Ó tún ku bísíkíìtì, àwọn sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ kéékèèké tí ẹ ń so mọ́ irin kó má baà fara kan pákó. Mo ti rí i tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi òkúta lásán dípò rẹ̀. Yí gbogbo òpó ká fúnra rẹ. Létí omi bẹ́ẹ̀, kí kọnkéré tó bo irin nípọn tó ìka mẹ́ta.

Èyí tó kẹ́yìn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kọnkéré tí a fi oògùn lé omi kúrò lára rẹ̀, omi ló tún ń fẹ́ ní ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ó kéré tán. Fi àpò tútù wé àwọn òpó náà, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Omi táńkà náà ni, kì í ṣe ti ọ̀sà. Mo ṣì ń ro ìdí tí nǹkan kan fi lè máa kọ omi kó sì tún máa bẹ̀bẹ̀ fún un. Bí o bá ráyè, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Ní ti ọ̀gá rẹ, mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni o tíì lò lẹ́nu iṣẹ́, o ò sì fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní olórí kunkun. Má bá a jiyàn níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àfọ́kù kọnkéré wọn wà nínú àpò ọ̀rá tí mo so mọ́ ìwé yìí. Tò wọ́n síwájú rẹ̀, ro omi sórí ẹ̀kẹrin kó rí i bó ṣe ń yí, lẹ́yìn náà kí o fi ìṣó inú rẹ̀ hàn án. Dákẹ́. Jẹ́ kí ìṣó sọ̀rọ̀. Bó bá ṣì kọ̀, má fọwọ́ sí ìwé kankan, kó ẹrù rẹ, máa bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja ò tíì tán nínú ọ̀sà.

Mo rò pé ibí ni ìwé mi máa parí sí. Ṣùgbọ́n lánàá, Ajé, Àlájà wá ra ẹja. Àlájà tó ni ilé pẹtẹ́ẹ̀sì yẹn náà ni. Ó ti pẹ́ tó ti fi ilé Ìkòròdú sílẹ̀ fún ayálégbé, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbí. Ọdún mẹ́rin ló ti ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Mo dá a mọ̀ lọ́jọ́ kìíní, kò dá mi mọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wá ni mo máa ń fi ẹja kan ṣe ènì fún un, ó rò pé ọ̀yàyà ni.

Ìṣó tó pupa yẹn ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Mo ní, "Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi da ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé yín. Omi ọ̀sà ni."

Ó gbé ẹja tó mú dání sílẹ̀. "Gbogbo rẹ̀?"

"Dúrọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án nínú méjìlá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ omi kànga."

Àfi bó ṣe pàtẹ́wọ́, tó bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́ta àkọ́kọ́! Apá ọ̀tún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apá ọ̀tún ò fi là! Ọdún mélòó ni mo ti ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tí mo ń bi ara mi pé kí ló dé tí apá òsì nìkan ń já lulẹ̀? Nǹkan funfun kan ń hù lára rẹ̀, mo fi ahọ́n kàn án, iyọ̀ ni. Mo ní ṣé ẹnì kan ń fi ilé mi se ọbẹ̀ ni? Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́! Ẹ rò pé gbogbo ọ̀sà ni ọ̀sà yín."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Mo rò pé ó ti tán. Àlájà pe àwọn ayálégbé rẹ̀ lójú mi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, kí wọ́n fi igi gbé e ró títí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé yóò fi wá wò ó. Mo sọ fún un pé ìwọ lo máa wá, n ó sì dá sí ìnáwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Jímọ̀," ó ní. "Mo lé Jímọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́kọ́ là, mo ní ó jí sìmẹ́ńtì mi. Mo sọ ọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó búra, mi ò gbọ́. Kò ríṣẹ́ ṣe ládùúgbò náà mọ́. Ó ti kú."

Mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn agbọ̀n ẹja. Mo ní kó dárí jì mí.

"Èmi dárí jì ọ́," ni Àlájà wí. "Ilé mi lo bà jẹ́, mo lè dárí ilé jì ọ́. Ti Jímọ̀ ńkọ́?"

Basírátù, mo ti ń ṣírò nǹkan láti kékeré, mo mọ iye tí ìkòkò yẹn jẹ́, mo mọ iye tí irin àti sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn máa jẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣírò orúkọ ọkùnrin kan. Ó tọ́ omi wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ohun tó ná an nìyẹn. Bí òpó mẹ́rìndínlógún yẹn bá là lọ́jọ́ iwájú, kì í ṣe ọ̀gá rẹ ni wọ́n máa pè lólè. Àwọn bíríkìlà tó ń pè ọ́ ní Màdáàmù ni, tàbí ìwọ.

Àlájà sọ pé àwọn ọmọ Jímọ̀ ṣì wà ní Ìkòròdú, ó sì mọ ilé wọn. Èmi àti òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Dúró dè wá níbùdókọ̀, kí o sì bá mi lọ, nítorí mi ò fẹ́ kí n yẹsẹ̀ lójú ọ̀nà. N ó sọ fún wọn lójú àwọn ará àdúgbò wọn pé bàbá wọn kò jí sìmẹ́ńtì ẹnikẹ́ni.

Tìrẹ ni Sátidé, tèmi ni Àìkú. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí pò ó, bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, kí o tọ́ ọ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè pé ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè, má dá a lóhùn. Tọ́ ti dúrọ́ọ̀mù kejì náà wò, àti ti ìkẹta. Tọ́ ọ wò títí dé ìkẹyìn, bí ẹni tó pọn ọ́n tilẹ̀ jẹ́ èmi ìyá rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí ń retí láti rí ọ níbùdókọ̀.